Ìbọn ọdẹ: èwo ni ká rà, èwo ni ká gbé kọ́ ògiri, èwo ni ká má yìn mọ́?

Àyìnlá_Kubwa
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ìbọn méjì ni bàbá wa fi sílẹ̀ nílé ní Ọ̀fà: ṣakabùlà kan tó ti wà láti ayé bàbá bàbá wa, àti olójú méjì kan (ìbọn ọlọ́pàá méjì) tí wọ́n tẹ ELG sí lára. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní kí n gbé méjèèjì tì, kí n ra ráífù .308 (nọ́ńbà ìwọ̀n ọta rẹ̀ nìyẹn) tó ní awò tí à ń fi wo ọ̀nà jíjìn, pé òun ni ìbọn ọdẹ òde òní. Apá Kwali àti Abaji ni mo fẹ́ máa lọ. Kí ni mo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní kí n lọ bá alágbẹ̀dẹ ìbọn, kí ọ̀rọ̀ wá parí síbẹ̀.

Agbẹjọ́rò_Garki
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ .308 kúrò nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín ò parọ́, ibi tó wà ló fi ń wo ọ̀rọ̀. Òfin ìbọn tiwa, Firearms Act ti 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kìíní ni èyí tí òfin kà léèwọ̀ àyàfi tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i: ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ìléwọ́ gbogbo, àti ráífù ológun. Ìwọ̀n ọta ni òfin fi dárúkọ ráífù ológun: mìlímítà 7.62, mìlímítà 9, ínṣì .300 àti ínṣì .303. Ìwọ̀n 7.62 yẹn náà ni .308 ń yìn, .30-06 náà sì ni pẹ̀lú. Ẹni tó bá ní torí pé wọ́n kọ "sporting" (ti ọdẹ àti eré) sí ara páálí rẹ̀, kò sí wàhálà, kí onítọ̀hún lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́pàá.

Ọ̀nà kejì ni ìbọn ti ara ẹni. Ibẹ̀ ni ṣọ́tígọ̀ọ̀nù, ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ bí olójú méjì yín, wà, bí kò bá ti ń ki ara rẹ̀, tí kò sì ní ẹ̀rọ tó ń ti kátíríìjì (ọta àti ẹ̀tù tí wọ́n jọ dì pọ̀) tuntun wọlé. Ẹ rí i pé pọ́ǹpú, èyí tí à ń fọwọ́ fà síwá sẹ́yìn kó lè ki òmíràn, ti jáde nìyẹn. Ráífù ọdẹ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò sí nínú àwọn tí mo kà lókè wà níbẹ̀ náà, àti ìbọn afẹ́fẹ́. Ọ̀nà kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ìbọn tí à ń ti ẹnu kì.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: èèyàn lè jogún ìbọn, kì í jogún ìwé àṣẹ. Orúkọ bàbá yín ló wà lórí ìwé yẹn. Ẹ má gbé olójú méjì yẹn sínú bùùtù ọkọ̀ láti Ọ̀fà wá sí Àbújá, kó wá jẹ́ pé ojú ọ̀nà Lọ́kọ́ja lẹ ó ti máa ṣàlàyé. Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ ilé láìgbé ìbọn lọ́wọ́, ẹ mú ìwé àtijọ́ bàbá yín àti ìwé ẹ̀rí ikú dání, kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ gbà á wọlé. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ń fúnni ní ìwé àṣẹ tuntun lásìkò yẹn, kẹ́ ẹ tó fowó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lórí ráífù.

Alágbẹ̀dẹ_Minna
Agbẹjọ́rò ti sọ tirẹ̀. Èmi á bẹ̀rẹ̀ lórí ṣakabùlà, torí òun ló lè pa èèyàn lónìí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ṣé ó ṣì ní nǹkan nínú? Ẹ̀tù dúdú kì í bàjẹ́ bí kò bá ti rin. Ìbọn tí wọ́n kì sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ayé bàbá àgbà lè dún lónìí.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyí, a kì í sì í fẹnu fẹ́ ẹ wò o, a kì í fojú yọjú sẹ́nu rẹ̀. Ẹ kọ ẹnu ìbọn sí ibi tí kò séèyàn. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ti ọ̀pá igi tín-ín-rín kan wọ ẹnu rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí á fi kanlẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ara ọ̀pá náà níbi tó ti bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Ẹ fà á yọ, ẹ wá tẹ́ ẹ sí ìta ọ̀pá ìbọn, kí àmì yẹn bá ẹnu ìbọn mu. Ẹ wo ibi tí orí ọ̀pá igi dé ní apá ìdí. Bí ó bá dé ọ̀gangan ihò iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, òfo ni. Bí ó bá kù tó sẹ̀ńtímítà 3, 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó débẹ̀, ẹ gbà pé ẹ̀tù àti ọta wà nílé. Ó lè jẹ́ agbọ́n ló fi amọ̀ kọ́lé sínú rẹ̀, àmọ́ ẹ má ta tẹ́tẹ́ lórí ìyẹn.

Bí ó bá kún, ẹ má gbé ìdí rẹ̀ sínú iná (àwọn kan ń ṣe é o!), ẹ má lu ú, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ yìn ín dànù, torí ẹni tó mọ ìwọ̀n ẹ̀tù tí wọ́n kì síbẹ̀ ti kú. Ẹ da omi díẹ̀díẹ̀ sí ihò iná, ẹ da sí ẹnu rẹ̀ náà, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ̀yìn náà ni kẹ́ ẹ wá pe ẹni tó ní irin ìfàyọ tó ń yí bí ìṣíkọ̀kì. Ẹ̀tù tó ti rin kì í dún, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ lè ṣì gbẹ, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ti ń ṣe é.

Bàbá_Kàdúná
Ó káre, Alágbẹ̀dẹ. Lẹ́yìn tí ó bá ti ṣófo, ọmọ mi Àyìnlá, jókòó tì í kó o wò ó dáadáa. Wo irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí òkúta iná tàbí hámà wà. Bí o bá rí TOWER tàbí adé níbẹ̀, a jẹ́ pé ìlú Birmingham ni ó ti ṣeé ṣe kó wá, tàbí kí Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ti ṣe àfarawé rẹ̀, torí àwọn náà ń fi irú àmì bẹ́ẹ̀ tajà. Ìlú méjèèjì yìí ló rọ irú ìbọn yìí ránṣẹ́ sí etíkun wa. Bí kò bá sí àmì kankan, tí ọ̀pá rẹ̀ sì ní ojú jíjó nínú, àgbẹ̀dẹ ilé ló ṣe é, inú ọ̀pá omi ni wọ́n sì ti sábà máa ń yọ ọ́. Èyí ò ṣeé yìn rárá. Ọ̀pá omi ò mọ agbára ẹ̀tù, ìdí rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń fọ́, ojú ẹni tó yìn ín ló sì wà níbẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé kí ló dé tí ìbọn àwọn bàbá wa fi dúró sí ṣakabùlà nígbà tí aráyé ti ń lo ráífù. Òyìnbó ló ti ilẹ̀kùn. Ní 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Brussels pé wọn ò ní jẹ́ kí ìbọn tuntun tó ń ti ìdí gba ọta máa wọ ilẹ̀ Áfíríkà, àfi ìbọn olókùúta tí inú rẹ̀ dán gbọọrọ. Kó tó di ìgbà yẹn, Èkìtìparapọ̀ ti rí ráífù Snider àti Martini-Henry gbà láti Èkó nígbà ogun Kírìjì, ẹ sì mọ ìyàtọ̀ tó mú bá ogun yẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí Martini-Henry gidi nílé ẹnikẹ́ni lókè Ọya, ẹ má fi yanrìn fọ̀ ọ́!

Ohun tó ń ba ìbọn àtijọ́ jẹ́ jù nìyẹn: fífọ̀ ọ́ kó lè dán. Ìpẹtà pupa ni kẹ́ ẹ fi epo fẹ́ẹ́rẹ́ àti aṣọ rírọ̀ yọ. Àwọ̀ ilẹ̀ tó ti ṣú dúdú sára irin, ẹ fi í sílẹ̀, òun gan-an ló ń dáàbò bò ó, òun náà sì ni olówó ń wò. Ẹ má kun ún ní fáníìṣì. Òróró linseed díẹ̀ lórí igi ìdí rẹ̀ tó, kẹ́ ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa á títí ọwọ́ á fi gbóná.

Àyìnlá_Kubwa
Ẹ ṣé, bàbá. Ọ̀pá náà dúró nígbà tó kù bí sẹ̀ńtímítà 7, àbúrò mi ló wọ̀n ọ́ láàárọ̀ yìí. Mo ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́. ELG wá ńkọ́? Ṣé orúkọ ẹni tó ṣe é ni?

Alágbẹ̀dẹ_Minna
Sẹ̀ńtímítà 7, nǹkan ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹ ṣe é bí mo ṣe wí.

ELG kì í ṣe orúkọ ẹni tó ṣe é. Àmì ilé ìdánwò ìbọn Liège ni. Bí adé bá wà lórí rẹ̀, ó ti kọjá 1893 nìyẹn. Ẹ ṣí ìbọn náà, ẹ yọ ọ̀pá rẹ̀ kúrò, ẹ yí i dojú délẹ̀: abẹ́ ibẹ̀, nítòsí ìdí, ni ìwé gbogbo wà. Bí ẹ bá rí kìnnìún tó dìde dúró lórí lẹ́tà PV, wọ́n ti fi ẹ̀tù aláìléèéfín dán an wò, ó ṣeé fi yin kátíríìjì òde òní tí kò le jù. Bí kò bá sí PV, ẹ̀tù dúdú nìkan ni wọ́n ṣe é fún, kátíríìjì tí wọ́n ń tà lónìí kò yẹ ẹ́. Lára ti Birmingham àti Lọ́ńdọ̀nù, "NITRO PROOF" tàbí lẹ́tà NP tàbí BNP lábẹ́ adé ni kẹ́ ẹ wá.

Wàyí o, ibi tí ọ̀pọ̀ ìbọn ti ń bàjẹ́: gígùn ilé kátíríìjì, ìyẹn ibi tó ń wọ̀ sí ní ìdí ọ̀pá. Ìbọn àtijọ́ ọjà Yúróòpù sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 65, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ní 2½. Kátíríìjì tó wà lọ́jà báyìí, 70 ló pọ̀ jù. Ẹ má sọ pé "ó sáà wọlé". Á wọlé! Gígùn tí wọ́n kọ sára kátíríìjì ni gígùn rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti dún, tí ẹnu rẹ̀ tó ká ti là. Kó tó dún, ó kúrú. Ìgbà tó bá là nínú ilé tó kúrú ni ẹnu rẹ̀ á wọnú ibi tí ọ̀pá ti ń fún, ọ̀nà á há, agbára á sì padà sẹ́yìn. Ẹ wá 65 tàbí 12-65 (12 ni ìwọ̀n ọ̀pá), tàbí 70, lábẹ́ ọ̀pá. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan, kí alágbẹ̀dẹ fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́.

Ọdẹ_Kwali
Ẹ fi èyí kún un: ẹ má jẹ́ kí kátíríìjì 20 àti 12 wà nínú àpò kan náà. Nínú ìwọ̀n ọ̀pá, bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ ni ọ̀pá ń kéré, torí náà 20 kéré sí 12, á yọ́ kọjá ilé kátíríìjì, á lọ há níwájú. Ẹni tó yìn ín á rò pé òun ò kì í, á tún ki 12 lé e. Ọ̀pá á bẹ́ síbi tí ọwọ́ òsì wà gẹ́lẹ́. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe kátíríìjì 20 ní àwọ̀ yẹ́lò.

Lórí ọ̀rọ̀ ráífù, èmi ò gbè é rárá fún apá ibí. Ẹ wo ilẹ̀ náà. Láti Gwagwalada dé Abaji, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, oko iṣu kún ibẹ̀, Fúlàní ń da màlúù, àwọn ọmọ ń já igi ìdáná. Ọta ráífù .270 lè rìn ju kìlómítà 3 lọ bí kò bá rí ohun dá a dúró. .22 tẹ́ ẹ rí yẹn, tó kéré tó yẹn, lè kọjá kìlómítà kan. Ọta wẹ́wẹ́ nọ́ńbà 4 kò lè kọjá nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún mítà. Kí sì lẹ fẹ́ pa? Àparò àti awó, nọ́ńbà 6 tàbí 5 (bí nọ́ńbà bá ń kéré ni ọta ń tóbi; BB àti SG tóbi jù wọ́n lọ). Ehoro, nọ́ńbà 4. Ọ̀yà, BB. Ẹtu, tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn dé mítà 25, SG, bí ọta mẹ́sàn-án ló wà nínú ẹ̀. Kọjá mítà 35, ẹ fi sílẹ̀ kó máa lọ. Ẹran tó gbọgbẹ́ sá wọ koríko kò wúlò fún ọdẹ, kò wúlò fún igbó.

Ìyáàfin_Jos
Ẹ̀gbọ́n Kwali, mo gbà pé ilẹ̀ tẹ́ lọ́dọ̀ yín, àmọ́ gbogbo Àríwá kọ́ ni Kwali. Ibi tí òkè wà lẹ́yìn ẹran, ráífù a máa pa ẹran mọ́ tónítóní ju SG tó ń fọ́n ká lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn tí ìwọ̀n wọn kò sí nínú àwọn tí Agbẹjọ́rò kà.

.22 LR ni ti kékeré: ehoro àti òkété, dé bíi mítà 70, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi yin ẹtu. .243, tó jáde ní 1955, tó ẹtu àti ìgalà, kì í sì í ti èjìká. .270, ọmọ 1925, tí ẹ bá tò ó kó gún déédéé ní mítà 200, nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 4 ló máa gòkè ní mítà 100, ìyẹn ni pé ẹ ò nílò ìṣirò kankan láàárín ibẹ̀. 6.5 Creedmoor ti 2007 ni ariwo rẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dára o, àmọ́ ibo lẹ ó ti rí kátíríìjì rẹ̀ rà pẹ̀lú ìwé? Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ ni 7×57, tí Mauser, ilé iṣẹ́ ìbọn Jámánì, gbé jáde ní 1892. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní .275 Rigby, òun ni W. D. M. Bell, ọdẹ erin kan, fi pa erin púpọ̀ ní Áfíríkà nítorí pé ó mọ ibi tí ọpọlọ erin wà. Kì í ṣe pé kí ẹ̀yin náà lọ dán an wò! Erin wà lábẹ́ òfin ẹranko tó ṣọ̀wọ́n ti 1985, igbó ìjọba bíi Kainji àti Yankari kì í sì í ṣe ibi tí à ń gbé ìbọn wọ̀.

Bí ẹ bá rí ráífù tí wọ́n ṣe lórí ìlànà Mauser 98, ẹ ṣí bóòtù rẹ̀ (irin tí à ń tì síwá sẹ́yìn láti ki ìbọn), ẹ wo èékánná irin gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí kátíríìjì bá ṣe ń jáde látinú àpótí ọta báyìí ni èékánná yẹn á ti di etí rẹ̀ mú, kò ní fi í sílẹ̀ títí á fi tú u dànù. Ọ̀pọ̀ ráífù òde òní ń tì í wọlé lásán, wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dì í mú nígbà tí bóòtù bá ti pa dé. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé, bí ọwọ́ bá gbọ̀n tí ẹ ti bóòtù dé ààbọ̀, ti Mauser kì í fi kátíríìjì méjì há ara wọn.

Ráífù àlòkù, ẹnu ọ̀pá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ibi tí ìlà yíyí inú rẹ̀ ti parí. Ẹ fi ìka pa á yíká. Bí ó bá gbún níbì kan, ọta á máa yà, awò tó wọ́n tó báwo kò lè tún un ṣe. Ẹ̀yìn náà ni kẹ́ ẹ wá fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ọ̀pá láti ìdí. Awò gan-an, kí àyè tó wà láàárín rẹ̀ àti ojú yín tó sẹ̀ńtímítà 9, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á la yín níwájú orí.

Agbẹjọ́rò_Garki
Mo fẹ́ kí .303 yé gbogbo wa, torí Kàdúná àti Jos kún fún ilé àwọn ológun àtijọ́. Lee-Enfield, ráífù ológun Gẹ̀ẹ́sì tó ń yin .303, tó jáde látinú àjà ilé, bó ti wù kó lẹ́wà tó, ọ̀nà kìíní ló wà. Ogún kò sọ ọ́ di tiyín. Ẹ pe ọlọ́pàá wá gbé e, ẹ má gbé e lọ fúnra yín. Àjọ tó ń rí sí ìbọn kéékèèké ní Àbújá, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2021, náà ń gbà á.

Ẹ sì jẹ́ kí baálẹ̀ àti ọlọ́pàá ibi tẹ́ ẹ fẹ́ ṣọdẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó wọgbó. Lásìkò yìí, ẹni tó dá gbé ìbọn rìn nínú igbó lóru, ológun àti fijilanté kò ní kọ́kọ́ bi í bóyá ọdẹ ni.

Alágbẹ̀dẹ_Minna
Àyìnlá, bí ELG yẹn bá ní PV, àyẹ̀wò ku mẹ́ta. Ẹ yọ igi iwájú rẹ̀ kúrò, ẹ ti ìbọn pa, ẹ di ọ̀pá mú, ẹ mi ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ kọ-kọ-kọ, ìdè rẹ̀ ti jẹ. Ẹ gbé e sójú iná láti ẹ̀gbẹ́: bí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín ìdí ọ̀pá àti irin tó dojú kọ ọ́, ẹ má yìn ín. Ìkejì, ẹ so ọ̀pá nìkan rọ̀ sórí okùn nípa kọ́ọ̀kì abẹ́ rẹ̀, ẹ fi igi kàn án jẹ́jẹ́. Á dún gbooro bí agogo bí irin tó so wọ́n pọ̀ bá pé; bí ó bá ń dún bí ìlù tó ya, ìdè ti tú, omi sì ti ń wọ àárín rẹ̀. Ìkẹta, ẹ wo inú ọ̀pá ní ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run: ihò wẹ́wẹ́ ìpẹtà nítòsí ilé kátíríìjì burú ju ti iwájú lọ, torí ibẹ̀ ni agbára pọ̀ jù. Bí ara ọ̀pá bá ní ìlà dídì bí irun tí wọ́n dì, ìlà-ìlà irin àti sítíìlì ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ìpẹtà lè wà láàárín ìlà tí ojú kò rí. Ògiri nibi tirẹ̀.

Ọdẹ_Kwali
Bí ó bá yege, ẹ dán bó ṣe ń fọ́n ọta wò. Ẹ ta bébà ńlá kan sí mítà 36, ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ẹ fa òbìrí tó fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 76 yí ibi tí ọta ti pọ̀ jù ká, ẹ ka ihò. Ọ̀pá tí ẹnu rẹ̀ ṣí, nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa wà nínú rẹ̀. Èyí tó fún pátápátá, bíi 70. Tírígà iwájú sábà máa ń yin ọ̀tún, òun ló ń ṣí. Ti òsì ló ń fún, fún ẹran tó ti jìnnà. Bí kátíríìjì bá kọ̀ tí kò dún, ẹ fi ẹnu ìbọn síbẹ̀, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá 30 kẹ́ ẹ tó ṣí i. Ó lè ṣì fẹ́ dún.

Àyìnlá_Kubwa
Ìbéèrè tó kù: ilé wa ní Kubwa gbóná, tó bá dìgbà òjò, ògiri á rin. Ṣé kí n fi sínú àpò awọ tó ti wà pẹ̀lú rẹ̀, kí n fi aṣọ dí ẹnu rẹ̀?

Alágbẹ̀dẹ_Minna
Rárá. Awọ ń mu omi, á máa fi ìpẹtà sára irin níbi tó bá ti kàn án. Ẹ lò ó fún ìrìnàjò nìkan. Aṣọ lẹ́nu ìbọn náà ń fa omi mọ́ra, ẹni tó bá gbàgbé pé ó wà níbẹ̀ á sì yìn ín lé e. Torí agbọ́n lẹ ṣe fẹ́ dí i. Àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́ á ṣe ìyẹn. Kátíríìjì, ẹ tì í síbòmíì, má ṣe jẹ́ kó sùn nínú ọkọ̀ lóòrùn. Ní ọyẹ́, ẹ wo ìdí igi rẹ̀ lẹ́yìn ibi tí irin ti wọ inú igi, ibẹ̀ ló ti máa ń là. Bí ẹ bá yìn ẹ̀tù dúdú, omi gbígbóná àti ọṣẹ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ nù ún gbẹ, kẹ́ ẹ tó fi epo kùn ún. Kẹ́ ẹ sì máa kọ ẹnu rẹ̀ sísàlẹ̀ nínú àpótí, kí epo má bàa ṣàn lọ sínú igi, kó rà á.